Òrùka Bàbà Tí Ó Gba Òòlù

Háríẹ́tì Adépéjú Tọ́nà ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1863. Frítáùn ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹmọ̀ ni baba rẹ̀, Ìjẹmọ̀ àtijọ́ tí ó wà nínú igbó Ẹ̀gbá kí ogun tó tú u ká. Ogun náà ni ó gbé baba rẹ̀ dé etí òkun. Ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó rà á, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní Frítáùn, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ bàbà. Nígbà tí ó kú, Adépéjú, tí òun fúnra rẹ̀ ti di opó, di ẹrù rẹ̀, ó mú Bándélé, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, dání. Ní ọdún 1853, wọ́n gba Èkó gun odò Ògùn wá sí Abẹ́òkúta. Àwọn ẹbí baba wọn tí ó kù, tí wọ́n ti tún Ìjẹmọ̀ tẹ̀ dó nínú ìlú náà, sunkún sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì fún wọn ní yàrá nínú agbolé.

Iṣẹ́ tí Adépéjú bá baba rẹ̀ ṣe ní Frítáùn kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹmọ̀ mọ̀ nígbà náà. Àwọn ọkọ̀ tí ń fi ooru omi rìn a máa ní ìkòkò irin ńlá kan nínú, tí omi ń hó nínú rẹ̀, tí ìdérí irin sì wà ní ẹnu rẹ̀. Bí ó ti wù kí a fá ẹnu ìkòkò náà àti ìdérí rẹ̀ dán tó, irin kì í bá irin pàdé tán. Àlàfo tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ yóò kù láàárín wọn, ibẹ̀ ni ooru yóò sì gbà jáde. Nítorí náà ni a ṣe ń fi òrùka bàbà sí àárín àwọn méjèèjì. Bí a bá ti ń fún àwọn bóòtù, àwọn ìṣó irin tí a ń yí láti fi de ìdérí mọ́ ìkòkò, bàbà rírọ̀ náà yóò máa fi ara rẹ̀ dí gbogbo àlàfo, títí ìkòkò yóò fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́ pátápátá. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni baba Adépéjú ń ṣe, ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ni ó sì ń fín ẹwìrì fún un.

Bàbà kì í ṣe irin. Alágbẹ̀dẹ tí ó bá fẹ́ kí irin le yóò sun ún títí yóò fi pọ́n, yóò sì rì í bọ omi. Bàbà tí a bá sun títí ó fi pọ́n, tí a sì rì bọ omi, rírọ̀ ni yóò rọ̀. Lílù ni ó ń mú bàbà le. Bí òòlù bá ti ń bà á ni ó ń dán, bí ó sì ti ń dán ni ó ń ya olórí kunkun, títí kò fi ní gbà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Fífún pẹ̀lú a máa mú un le. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí a bá ṣí ìdérí, dandan ni kí òrùka padà sínú iná kí a tó tún lò ó.

Ní ọdún 1861, òyìnbó oníṣòwò kan gbé ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú wá sí ẹ̀yìn Ìjẹmọ̀, lẹ́bàá ìṣàn omi kékeré kan. Ìkòkò irin ni ó ń fún ẹ̀rọ náà lágbára. Bándélé, tí ó ti bá ọkọ̀ ooru ṣiṣẹ́ rí, ni òyìnbó náà fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Omi ìṣàn náà kún fún ẹrẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún ṣí ìkòkò láti fọ̀ ọ́. Ìgbà gbogbo tí wọ́n bá ti ṣí i, Bándélé a gbé òrùka wá sí ìdí ààrò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adépéjú a sun ún, a rì í, a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ bí ẹni tí ó gbé ọmọ tuntun. Òun fúnra rẹ̀ ni í tò ó sí ẹnu ìkòkò, tí í fi ìka tọ ipa rẹ̀ yí ká, kí ó tó yọ̀ǹda fún àbúrò rẹ̀ láti gbé ìdérí lé e.

Bándélé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Adépéjú kì í jẹ́ kí ó fi ṣeré.

“Bándélé, bí ó bá ń jò, kí ni ìwọ yóò ṣe?”

“N ó fún bóòtù rẹ̀.”

“Pẹ̀lú iná lábẹ́ rẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti dé. N ó kọ́kọ́ pa iná. N ó káwọ́ gbera bí ọmọ ilé ìwé. N ó máa wo ìkòkò títí yóò fi tutù. Nígbà tí yóò bá fi tutù tán, irùngbọ̀n mi á ti funfun.”

“Irùngbọ̀n funfun sàn ju ojú bíbó lọ.”

Ó mọ ohun tí ó ń sọ. Bóòtù tí a ń fún nígbà tí ooru ń ti ìdérí láti inú dà bí okùn tí ènìyàn méjì ń fà. Kì í sọ fún ni kí ó tó já.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1863, Bándélé ṣí ìkòkò, ó sì gbé òrùka wá. Bí Adépéjú ti ń fẹ́ iná ni akéde ń kọjá lójú ọ̀nà, ó ń pè pé Orò yóò jáde lọ́la, kí gbogbo obìnrin pọnmi, kí wọ́n ṣẹ́gi, kí wọ́n sì wà nínú ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Obìnrin kì í fojú kan Orò. Onígbàgbọ́ ni o, Mùsùlùmí ni o, ọmọ Sàró ni o, òfin kan náà ni ó mú gbogbo wọn ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ. Òwú sì ti kún ibẹ̀ dé àjà, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú dẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀run. Òwú tí òjò bá pa ti bàjẹ́ nìyẹn. Bándélé ní òun yóò dáná sí ẹ̀rọ lọ́la, Orò ìbáà jáde. Ó padà lọ láti máa họ ẹrẹ̀ inú ìkòkò, ó sì ní ibẹ̀ ni òun yóò sùn.

Adépéjú sun òrùka, ó rì í. Ọjọ́ ti lọ, kò sì tíì pọnmi. Ó rí Dìran alágbẹ̀dẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, tí ń ti òde bọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Dìran, ẹni tí gbogbo agbolé ń ké sí bí ilẹ̀kùn bá wó tàbí bí ọkọ́ bá dá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárẹ̀ o. Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ sí ilé ẹ̀rọ lọ́la?”

“Ilẹ̀kùn wọn ni mo fẹ́ lọ kàn. Kí ni kí n bá ọ mú lọ?”

“Òrùka yìí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í lé Bándélé lọ́wọ́. Kí ó má tẹ̀ o, ẹlẹgẹ́ ni.”

“Ó ti dé ibẹ̀ ná.”

Dìran gbé òrùka náà sínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí Adépéjú kò rò ni èyí: ní ìdílé ìyá Dìran, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́, ohunkóhun tí ó bá sùn sínú àgbẹ̀dẹ mọ́jú kò gbọdọ̀ jáde láì gba òòlù. Bí ẹni tí kò fún àlejò ní omi mu ni wọ́n ka alágbẹ̀dẹ tí ó bá jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo ilẹ̀kùn agbolé wà ní títì. Àwọn obìnrin jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú, wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Adérónkẹ́ aya Dìran wà láàárín wọn. Nítorí pé ọmọ ilé ni Adépéjú, tí òun sì jẹ́ aya ilé, “ọkọ mi” ni ó ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn aya ilé ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi lára ọkọ yìí.

“Ọkọ mi Sàró, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣíbí jẹ iyán, ẹ kú ìjókòó o. Orò kò mọ gèlè Frítáùn yàtọ̀.”

“Ìyàwó, ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ́, n kò fi í sọ̀rọ̀. Ìwọ ni o ń fi ẹnu ro ọbẹ̀.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Adérónkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ má bú mi. Ó yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Ọkọ mi gidi kò jẹ́ kí ojú tì yín lónìí. Òrùka tí ẹ fún un, ó ní ó wọ́ bí ẹ̀wọ̀n ọrùn arúgbó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti ń lù ú. Ó lù ú títí ó fi gún régé, títí ó fi ń dán bí ojú oòrùn. Bí ó ti ń fi òòlù kàn án ni ó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yín.”

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Adépéjú.

“Ó ń dún?”

“Gan-an-an, gan-an-an. Èmi fúnra mi ni ó jí.”

Bàbà tí ó rọ̀ kì í dún. Bí a bá fi òòlù kàn án, bí ìgbà tí a gbá amọ̀ ni. Adépéjú dìde, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Kò sí ibì kankan tí ó lè lọ. Nígbà náà gan-an ni wọ́n gbọ́ ìró náà láti ẹ̀yìn ilé, láti ọ̀nà ìṣàn omi. Ó ń ké fìì, bí ejò tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò sì kú.

“Kí ni ìyẹn?” ni Adérónkẹ́ bi í.

“Òrùka ni. Kò dí ẹnu ìkòkò. Ìyàwó, kò dí i.”

Ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó wà nítòsí ni bàbá arúgbó kan tí ń jẹ́ Jùbrílù, Mùsùlùmí tí ń rán bàtà awọ, tí yàrá rẹ̀ fi ògiri kan lẹ̀ mọ́ tiwọn. Ihò kékeré kan wà lókè ògiri náà tí èéfín ń gbà jáde. Adépéjú gun orí odó, ó fi ẹnu sí ihò náà.

“Bàbá! Bàbá oníbàtà! Ẹ kú ilé o.”

“Ta ni? Obìnrin ń pariwo ní ọjọ́ Orò?”

“Èmi Adépéjú ni. Ẹ foríjì mí. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ lọ bá mi rí Bándélé.”

“Èmi kì í bá wọn ṣe Orò. Awọ mi ni mo jókòó tì. Orúnkún mi kò sì gbọ́ràn mọ́, ìwọ náà mọ̀.”

“Bàbá, mo mọ̀. Bí ẹ kò bá lọ, kò sí ẹlòmíràn. Ẹ sọ fún un pé òrùka náà ti le, òòlù ti bà á. Kí ó má fún un. Kí ó kó iná kúrò lábẹ́ ìkòkò, kí ó má fi ọwọ́ kan bóòtù kankan.”

Bàbá Jùbrílù tún iṣẹ́ náà sọ.

“Òrùka ti le, kí ó má fún un, kí ó kó iná. Ó dára. Bàtà mi dà?”

Wọ́n gbọ́ tí ọ̀pá rẹ̀ ń lu ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ògiri, kó, kó, kó, títí kò fi dún mọ́. Adépéjú kò sọ̀kalẹ̀ lórí odó. Ilé ẹ̀rọ kò jìnnà. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí ó bá gbé ẹ̀kọ sórí iná lè lọ síbẹ̀ kí ó sì bọ̀ kí ẹ̀kọ tó hó. Ó ń fi etí bá Bàbá Jùbrílù rìn: ó ti dé ìdí àràbà báyìí, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ọ̀nà yẹn kún fún òkúta, kí ó rọra o. Ìró fìì náà kò dínkù.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín.

“A dúpẹ́!” ni Adérónkẹ́ wí. “Ó ti ń dákẹ́. Bàbá ti dé ibẹ̀.”

Àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n Adépéjú tẹ etí mọ́ ihò náà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kó iná ni, ìró náà ìbá máa wúwo sí i, ìbá máa rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Èyí kò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń tínrín, ó ń ròkè, bí ohùn ẹni tí a fún ní ọrùn. Ẹnìkan ń fún bóòtù.

“Bándélé!” Ó pariwo sínú ihò náà bí ẹni pé yóò gbọ́. “Bándélé, fi í sílẹ̀!”

Adérónkẹ́ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ní ìsọdá ọ̀nà, Orò ń ké bọ̀. Gbogbo àwọn obìnrin dojú bolẹ̀, Adépéjú náà pẹ̀lú wọn, nítorí pé wọ́n fà á lulẹ̀. Ibi tí wọ́n dojú bolẹ̀ sí ni wọ́n wà nígbà tí ilé mì. Ìró náà kò pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ kò sí fìì mọ́, kò sí nǹkan kan, àfi Orò tí ń kọjá lọ.

Ó pẹ́ kí ọ̀pá Bàbá Jùbrílù tó tún dún lẹ́yìn ògiri. Ó sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ihò náà, ó ń mí hẹlẹ.

“Ọmọ mi, mo jẹ́ iṣẹ́ tí o rán mi. Wàlláhì, mo jẹ́ ẹ.”

“Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rí ẹ̀yìn ògiri báyìí?’ Ó ní òrùka náà kò gún tó báyìí rí, pé ó kù díẹ̀ kí ó jókòó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò sì pa iná. Mo yí ẹ̀yìn padà láti wá jíṣẹ́ fún ọ.”

“Ibo ni omi gbígbóná náà bà á?”



“Bi mí ní ibi tí kò bà á,” ni bàbá náà wí.

Adépéjú ní kí wọ́n gbé e wá sílé. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lé ẹní, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹní náà, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ òun sílẹ̀. Adépéjú ya aṣọ funfun tí ó wọ̀ lọ sí Ìdàpọ̀ Mímọ́, ó fi ewé di òrí, ó sì gba inú ihò èéfín náà na gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Jùbrílù. Bàbá náà tún lọ. Ó lọ, ó bọ̀, títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin wọlé ní ìrọ̀lẹ́, Dìran wá jókòó ní ẹnu ọ̀nà yàrá Adépéjú. Ojú rẹ̀ ti wú. Òun ni ó fa Bándélé jáde láti ìdí ìkòkò.

“Àbúrò mi, n kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdérí yẹn fò kan àjà. Òrùka rẹ kọ́ ni o, má dá ara rẹ lẹ́bi. Èmi fúnra mi ni mo lù ú gún. Ó dára, ó le koko.”

Adérónkẹ́, tí ó ti mọ̀ láti òwúrọ̀ pé òòlù ọkọ òun ni ó ba òrùka náà jẹ́, gbé ojú sókè wo Adépéjú. Kò sí ẹ̀rín ní ẹnu rẹ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.



“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n,” ni Adépéjú wí. “Ṣé ó ń pè mí?”

“Ó ń pè ọ́. Mo ní ìwọ yóò dé bí Orò bá ti wọlé.”

Orò ìbá ti wọlé ní òwúrọ̀ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, akéde tún kọjá. Àwọn àgbà ìlú ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò tíì parí, Orò yóò sì wà lóde títí di ọjọ́ Àìkú. Adépéjú rán Dìran sí wọn. Dìran wólẹ̀ fún wọn, ó ṣàlàyé, ó sunkún. Wọ́n bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dun àwọn gidigidi, ṣùgbọ́n a kì í ti ọwọ́ Orò bọ àpò, kò sì sí obìnrin tí a lè la ọ̀nà fún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, Adépéjú wé gèlè rẹ̀, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò pariwo, kò sunkún. Adérónkẹ́ ni ó kọ́kọ́ dì í mú ní ìbàdí.

“Ọkọ mi, ẹ kò ní débẹ̀. Òkú yín ni wọn yóò gbé débẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e.”

“Jẹ́ kí n lọ. Ó ń pè mí.”

“Mo mọ̀. Bí ẹ bá jáde, agbolé yìí ni wọn yóò wó lé wa lórí, àti ọmọ àti ìyá. Ẹ lù mí bí ó bá wù yín. N kò ní tú ọwọ́ mi.”

Adépéjú kò lù ú. Ó jókòó sílẹ̀ ní ibi tí ó wà. Adérónkẹ́ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kò sì tú ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ Orò títí ojú ọjọ́ fi rọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀pá Bàbá Jùbrílù dún lẹ́yìn ògiri. Lọ́tẹ̀ yìí ó rọra ń bọ̀, ó sì dúró kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ihò náà. Adépéjú kò gun orí odó.

Àwọn ọkùnrin ìjọ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1863, ni wọ́n sin Bándélé Tọ́nà. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, ni Háríẹ́tì Adépéjú tó fojú kan ibojì rẹ̀.